Bí a ṣe ń wá dráífà káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún FreeDOS, tí a sì ń mú un ṣiṣẹ́

FreeDOS, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà (operating system) bíi MS-DOS ti Microsoft, kì í ṣe ọmọdé mọ́. Jim Hall ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1994, nígbà tí Microsoft ti ń fi hàn pé òun kò ní pẹ́ pa MS-DOS tì. Ẹ̀yà 1.0 jáde ní 2006, ẹ̀yà 1.3 sì jáde ní 2022. Àwọn tó ń lò ó kò tíì tán nílẹ̀: àwọn tó ń gbá géèmù àtijọ́, àwọn tí ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ wọn kò gbọ́ èdè mìíràn yàtọ̀ sí DOS, àti àwa tí a kàn fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ìyọnu níbẹ̀, àfi ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kí ó bá kọ̀ǹpútà mìíràn sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jáwọ́, torí FreeDOS kì í sábà dá káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa wá dráífà, ìyẹn ètò tó mọ bí a ṣe ń bá káàdì sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà lẹ máa sọ ibi tí yóò jókòó sí fún un.

Iṣẹ́ náà kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, bí ẹ bá ṣe é ní ìpele-ìpele tí ẹ sì ń dán ìpele kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó gun orí èyí tó kàn. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú FDAUTO.BAT, fáìlì tí FreeDOS máa ń tẹ̀lé nígbà tó bá ń tàn, lẹ́ẹ̀kan náà, tó wá tún kọ̀ǹpútà tàn, kò ní mọ ibi tó ti bàjẹ́.

Ìpele mẹ́ta ló wà. Káàdì fúnra rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Packet driver ló gùn ún: ètò kékeré kan tó máa ń dúró sínú ìrántí kọ̀ǹpútà, tó mọ bí a ṣe ń bá káàdì yẹn gan-an sọ̀rọ̀. Àwọn ètò tó ń lo TCP/IP, èdè tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ló wà lókè pátápátá, bíi mTCP tí Michael Brutman kọ. Ẹ fọkàn sí èyí: TCP/IP kò sí nínú DOS. Ètò kọ̀ọ̀kan ló ń gbé tirẹ̀ wá. Nítorí náà, bí FTP, ètò tó ń kó fáìlì láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, bá ń ṣiṣẹ́ tí ètò mìíràn kò ṣiṣẹ́, ẹ má tíì dá dráífà lẹ́bi.

Nọ́ńbà kan wà tí ètò fi ń pe packet driver, òun ni wọ́n ń pè ní interrupt. Láti 0x60 lọ sí òkè, títí dé 0x80, ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ètò tó bá ń wá dráífà á yẹ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí wò níkọ̀ọ̀kan, á máa wá ọ̀rọ̀ «PKT DRVR» tí dráífà máa ń kọ síbẹ̀ láti fi ara rẹ̀ hàn. 0x60 ni gbogbo ayé ń lò, kí ẹ̀yin náà lò ó. Ẹ yẹra fún 0x67, torí pé ti EMS, ìrántí àfikún DOS, nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá nọ́ńbà káàdì yín

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ tó wà lára páálí. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run: ilé iṣẹ́ kan náà lè ta káàdì méjì tó jọra bí ìbejì, tí chip inú wọn sì yàtọ̀ pátápátá. Chip yẹn ni dráífà mọ̀, kò mọ orúkọ ọjà.

Káàdì PCI kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì: ti ilé iṣẹ́ tó ṣe chip, àti ti chip fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti rí wọn ni kí ẹ fi flash tó ní Linux tan kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ wá tẹ̀:

    lspci -nn

Ẹ wá ìlà tí a kọ «Ethernet controller» sí. Nọ́ńbà tó wà nínú àkámọ́ ní ìparí rẹ̀ lẹ ń wá, bíi 10ec:8139. Bí Windows bá wà lórí ẹ̀rọ náà, inú Device Manager lẹ ti máa rí i, wọ́n á kọ ọ́ báyìí: VEN_10EC&DEV_8139. Àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ mìíràn tiẹ̀ máa ń to gbogbo káàdì PCI sójú síkírínì bí ẹ bá ṣe tàn wọ́n, ṣùgbọ́n ojú yín gbọ́dọ̀ yá, torí kì í dúró.

Ìwọ̀nyí lẹ máa bá pàdé jù:

1022:2000 ni AMD PCnet. Bí ẹ bá ń lo VirtualBox (ètò tó ń ṣe kọ̀ǹpútà sínú kọ̀ǹpútà), òun ló sábà máa ń fún DOS.
10ec:8139 ni Realtek RTL8139, káàdì olówó pọ́ọ́kú tó kún ayé nígbà kan.
10ec:8029 náà jẹ́ ti Realtek, ṣùgbọ́n ìṣe NE2000, irú káàdì àtijọ́ kan, ni ìṣe rẹ̀.
8086:1229 ni Intel PRO/100.
8086:100e ni Intel 82540EM, ti PRO/1000. QEMU, ètò bíi VirtualBox, ń pè é ní e1000.
10b7 ni gbogbo ti 3Com, 14e4 sì ni ti Broadcom.

Káàdì ISA, irú tó ti wà kí PCI tó dé, kò ní nọ́ńbà báyìí. Ìyẹn, ẹ máa ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára chip tó tóbi jù lórí rẹ̀, ẹ ó sì mọ port (àdírẹ́sì tí a fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀) àti IRQ (nọ́ńbà tí káàdì fi ń pe kọ̀ǹpútà) tó ń lò, yálà láti ara jumper, ìdè kékeré orí káàdì, tàbí láti inú ètò ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí ilé iṣẹ́ náà fi sílẹ̀. Fún 3Com 3C509, 3C5X9CFG ni orúkọ ètò yẹn. Ẹ fi pa Plug and Play, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yan port àti IRQ, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá dráífà tó bá nọ́ńbà náà mu

Ẹ kọ́kọ́ wo inú FreeDOS fúnra rẹ̀. Lórí CD rẹ̀ ni wọ́n kó àwọn packet driver Crynwr sí, àkójọ tí Russell Nelson bójú tó fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì kún fún káàdì ayé àtijọ́. Bí ẹ bá ti fi sórí dísìkì, ẹ lè wá a báyìí:

    DIR C:\PCNTPK.COM /S

PCNTPK.COM wà fún AMD PCnet, NE2000.COM wà fún NE2000 àti àwọn tó fara wé e, 3C509.COM sì wà fún 3C509. Ti RTL8139, RTSPKT.COM ni, láti ọ̀dọ̀ Realtek. Ti Intel PRO/100 ni E100BPKT.COM, ti PRO/1000 sì ni E1000PKT.COM.

Bí káàdì yín bá jẹ́ tuntun ju ìwọ̀nyí lọ, ẹ wo ojú ìwé dráífà ilé iṣẹ́ tó ṣe chip náà, kì í ṣe ti ẹni tó ta kọ̀ǹpútà. Abẹ́ DOS ni kí ẹ wò. Ohun méjì lẹ lè rí níbẹ̀: packet driver, tàbí dráífà NDIS 2, irú mìíràn tó yàtọ̀ sí packet driver, tí orúkọ rẹ̀ parí sí .DOS. Packet driver ni kí ẹ mú bó bá wà. Bó bá jẹ́ NDIS 2 nìkan ló wà, kò burú, a máa dé orí rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí kò bá sí èyíkéyìí, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má fi ọjọ́ ayé yín wá a. Bí ẹ bá fi káàdì PRO/100 tàbí RTL8139 àlòkù rọ́pò rẹ̀, wàhálà tán.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gbé fáìlì wọ inú kọ̀ǹpútà

Níwọ̀n bí kò ti sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, flash tàbí CD lẹ máa fi gbé e. FreeDOS lè ka FAT32, ṣùgbọ́n kò mọ NTFS tàbí exFAT, nítorí náà FAT32 ni kí flash yín jẹ́. Ẹ má tan kọ̀ǹpútà kí ẹ tó ki flash bọ̀ ọ́: ó gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, kí BIOS, ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí nínú ẹ̀rọ, lè rí i. Ẹ ṣe fódà kan fún gbogbo iṣẹ́ yìí, kí ẹ kó dráífà àti àwọn fáìlì mTCP síbẹ̀:

    MD C:\NET
    COPY D:\*.* C:\NET

Lẹ́tà dísìkì flash yín lè má jẹ́ D. Ẹ tún ṣe ẹ̀dà FDAUTO.BAT àti FDCONFIG.SYS, fáìlì ìtòlẹ́sẹẹsẹ FreeDOS, sínú fódà mìíràn, torí a máa fọwọ́ kàn wọ́n bó bá yá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fọwọ́ gbé dráífà dìde

Kí ẹ tó ṣe é, ẹ wò ó bóyá dráífà kan ti wà nílẹ̀. FreeDOS ní ètò kan tó ń jẹ́ FDNET, tó lè ti bá yín ṣe iṣẹ́ yìí bó bá jẹ́ inú VirtualBox, VMware tàbí QEMU lẹ wà. PKTTOOL tó bá mTCP wá máa sọ fún yín:

    C:\NET\PKTTOOL SCAN

Bó bá rí dráífà ní 0x60, ẹ má gbé òmíràn lé e. Dráífà méjì lórí káàdì kan ṣoṣo, ìjà ni wọ́n máa jà. Ẹ fo ìgbésẹ̀ yìí.

Bí kò bá rí nǹkan kan, ó kù sọ́wọ́ yín. Káàdì PCI rọrùn, torí BIOS ti fún un ní port àti IRQ, dráífà á sì lọ bi BIOS léèrè:

    C:\NET\PCNTPK INT=0x60
    C:\NET\RTSPKT 0x60
    C:\NET\E1000PKT 0x60

Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ máa tẹ̀, èyí tó jẹ́ ti káàdì yín. Ti ISA ló ń fẹ́ kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀: interrupt, lẹ́yìn náà IRQ, lẹ́yìn náà port.

    C:\NET\NE2000 0x60 3 0x300

Ẹ ka ohun tí dráífà bá kọ sójú síkírínì dáadáa. Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni àdírẹ́sì Ethernet, nọ́ńbà àti lẹ́tà méjìlá tí wọ́n pín ní méjì-méjì, bíi 52:54:00:12:34:56. Bó bá jẹ́ FF:FF:FF:FF:FF:FF lẹ rí, kò sí káàdì kankan ní port tí ẹ sọ. Dráífà kàn ń ka afẹ́fẹ́ ni. Ẹ padà lọ wo port.

Èyí tó ń da àwọn èèyàn láàmú jù ni ti IRQ. Bí port bá tọ̀nà tí IRQ kò tọ̀nà, dráífà á gbéra, á kọ àdírẹ́sì Ethernet tó péye, kò sì ní ráhùn rárá. Ó tiẹ̀ lè máa fi nǹkan ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n èsì tó bá padà wá kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí IRQ ni káàdì fi ń sọ pé «nǹkan ti dé o», ẹ sì ti ní kí dráífà máa gbọ́ níbòmíràn. Bí DHCP, ètò tó ń béèrè àdírẹ́sì lọ́wọ́ router, bá wá ń dúró tí kò rí èsì, wọ́n á ní wáyà ni, wọ́n á ní router ni. Lórí ISA, IRQ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. IRQ 3 jẹ́ ti COM2 (ojú ihò serial kejì) lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, nítorí náà ẹ pa COM2 nínú BIOS, tàbí kí ẹ gbé káàdì lọ sí IRQ 5 tàbí 10. Port náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀: NE2000 ń gba port 32 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹ bá wá fi sí 0x360 yóò gùn dé 0x37F, yóò sì tẹ LPT1, ojú ihò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tó wà ní 0x378 mọ́lẹ̀.

Nínú QEMU, ne2k_isa máa ń wà ní port 0x300, IRQ 9, kì í ṣe 3. Ó rọrùn kí ẹ lo pcnet níbẹ̀:

    qemu-system-i386 -m 64 -hda freedos.img -nic user,model=pcnet

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: mTCP

Ẹ fi EDIT ṣe fáìlì C:\NET\MTCP.CFG. Ìlà mẹ́ta ti tó láti bẹ̀rẹ̀:

    PACKETINT 0x60
    HOSTNAME FREEDOS
    MTU 1500

Bí ẹ kò bá kọ MTU, ìyẹn bí ìdì ìsọfúnni kan ṣe lè tóbi tó, 576 ni mTCP máa lò. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó máa ń falẹ̀ láìnídìí lórí Ethernet. Ẹ wá sọ ibi tí fáìlì náà wà fún mTCP, kí ẹ sì béèrè àdírẹ́sì:

    SET MTCPCFG=C:\NET\MTCP.CFG
    C:\NET\DHCP

Bó bá yọrí sí rere, DHCP fúnra rẹ̀ á kọ IPADDR, NETMASK, GATEWAY àti NAMESERVER sínú fáìlì yẹn. Ẹ ṣí i wò, ẹ ó rí wọn. Bí router yín kì í bá pín àdírẹ́sì, àwọn ìlà mẹ́rin yìí náà lẹ máa fọwọ́ kọ síbẹ̀. Inú VirtualBox tó wà lórí NAT, tàbí QEMU bíi tòkè yìí, 10.0.2.15 ni àdírẹ́sì tí ẹ máa rí lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dán an wò láti ìtòsí lọ sí ọ̀nà jíjìn

Ẹ kọ́kọ́ fi PING pe àdírẹ́sì tó wà níwájú GATEWAY, ìyẹn ti router. Bó bá dáhùn, káàdì, dráífà, IRQ àti wáyà ti yege. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lo DNSTEST pẹ̀lú orúkọ kan láti mọ̀ bóyá orúkọ ń di àdírẹ́sì. Níparí, ẹ wá ojú ìwé kan:

    C:\NET\HTGET -o ADANWO.HTM http://example.com/

Ohun méjì kan wà tó lè ṣì yín lọ́nà níbí. QEMU tó wà lórí «user» kì í sábà jẹ́ kí PING jáde lọ síta, nítorí náà bí PING kò bá dé ìta, ẹ má tú ohun tí ẹ ti tò. HTGET ni kí ẹ gbà gbọ́. Èkejì, mTCP kò mọ https. Ọ̀pọ̀ ojúlé òde òní á kàn darí yín sí https ni, HTGET á sì dúró síbẹ̀. Ìyẹn kò kan dráífà.

Nígbà tí PING kò bá dáhùn, tí káàdì sì jẹ́ PCI, ẹ tẹ̀ PKTTOOL STATS 0x60. Ó máa ń ka iye ohun tó wọlé àti iye tó jáde. Bó bá jẹ́ pé àwọn kan ti jáde ṣùgbọ́n òdo ni èyí tó wọlé, ẹ wo iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ihò wáyà, kí ẹ sì pààrọ̀ wáyà. Bí àwọn méjèèjì bá ń gòkè, dráífà kò ní ẹ̀bi, inú MTCP.CFG ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Bó bá jẹ́ dráífà NDIS 2 nìkan lẹ rí

Ọ̀nà yìí gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló sábà máa ń gba káàdì tuntun là, torí àwọn ilé iṣẹ́ kan ṣe dráífà NDIS 2 tí wọn kò sì ṣe packet driver. Ẹ máa nílò PROTMAN.DOS, PROTMAN.EXE àti NETBIND.COM, tó wá pẹ̀lú Microsoft Network Client 3.0, àti DIS_PKT.DOS, tó ń sọ dráífà NDIS di packet driver lójú àwọn ètò yòókù. Ti Microsoft kì í ṣe ọ̀fẹ́ bíi FreeDOS, ìdí nìyẹn tí kò fi sí lórí CD.

Ẹ kó gbogbo wọn sínú C:\NET, kí ẹ sì kọ C:\NET\PROTOCOL.INI báyìí, bó bá jẹ́ E1000.DOS ni dráífà yín:

    [PROTMAN]
    DRIVERNAME=PROTMAN$

    [E1000]
    DRIVERNAME=E1000$

    [PKTDRV]
    DRIVERNAME=PKTDRV$
    BINDINGS=E1000
    INTVEC=0x60
    CHAINVEC=0x68

Ọ̀rọ̀ tó wà níwájú BINDINGS gbọ́dọ̀ bá orúkọ tó wà nínú àkámọ́ òkè mu. Ọ̀rọ̀ tó wà níwájú DRIVERNAME ní tirẹ̀, inú dráífà ló ti wá, ẹ kò lè fúnra yín sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ wo àpẹẹrẹ PROTOCOL.INI tí ilé iṣẹ́ náà kó pọ̀ mọ́ dráífà wọn, kí ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú àmì $ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìlà mẹ́ta sí FDCONFIG.SYS, ní títẹ̀léra gan-an:

    DEVICE=C:\NET\PROTMAN.DOS /I:C:\NET
    DEVICE=C:\NET\E1000.DOS
    DEVICE=C:\NET\DIS_PKT.DOS

Ẹ máa rí i pé àwọn ìlà mìíràn nínú FDCONFIG.SYS ní nọ́ńbà níwájú, bíi 12?DEVICE. Àwọn nọ́ńbà yẹn ń sọ irú àṣàyàn tí ìlà náà wà fún nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn. Èmi máa ń fi nọ́ńbà síwájú tèmi náà, kí n lè ní àṣàyàn kan tí kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú bí nǹkan bá dojú rú. Ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, ẹ tẹ̀ C:\NET\NETBIND, kí ẹ wá lo PKTTOOL SCAN. Bó bá rí 0x60, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ karùn-ún.

Ẹ jẹ́ kó máa dìde fúnra rẹ̀

Ìgbà tí ohun gbogbo bá ti ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni kí ẹ tó kọ fáìlì yìí. Mo ń pè é ní C:\NET\NET.BAT:

    @ECHO OFF
    SET MTCPCFG=C:\NET\MTCP.CFG
    SET PATH=%PATH%;C:\NET
    LH C:\NET\E1000PKT.COM 0x60
    C:\NET\DHCP.EXE
    IF ERRORLEVEL 1 ECHO DHCP ko dahun. Wo waya ati router.

Mi ò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ìparí yẹn, torí ojú DOS kò ní ẹ àti ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ nínú lẹ́tà tó ń bá a wá. Bí ẹ bá fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ nígbàkígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, ẹ kọ CALL C:\NET\NET.BAT sí ìparí FDAUTO.BAT. Àwọn tó ń lo NDIS á fi NETBIND rọ́pò ìlà LH.

LH ń gbìyànjú láti gbé dráífà sókè ju 640 KB lọ. Bí dráífà kan kò bá fẹ́ràn òkè, tí kọ̀ǹpútà gan sójú kan, ẹ yọ LH kúrò. MEM /C á fi iye tó ń jẹ hàn yín. Bí géèmù kan bá sọ pé ìrántí kò tó òun, ẹ kò nílò láti tún ẹ̀rọ tàn: TERMIN tó wà nínú àkójọ Crynwr lè gbé packet driver kúrò.

    TERMIN 0x60

Ti Wi-Fi, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú pẹ̀lú dráífà. Ẹ ra bridge kékeré tó ń gba Wi-Fi tó sì ń fi wáyà Ethernet fún kọ̀ǹpútà. Lójú FreeDOS, wáyà lásán ni. Bí ẹ bá sì ń lo FTPSRV láti fi kó fáìlì wọlé, inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé yín nìkan ni kí ó mọ sí, torí ọ̀rọ̀ aṣínà FTP ń kọjá ní gbangba lórí wáyà, DOS kò sì ní ohun tó ń jẹ́ firewall.